Àánú Ni Mò Ń Bá Jà

Adití ni àkọ́bí mi. Ọmọ Júù tí wọ́n bí sí New York ni ọkọ mi. Èmi jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó gba ẹ̀sìn Júù kí a tó ṣe ìgbéyàwó. Kò sí ẹni tó mọ èdè àfọwọ́sọ nínú wa. A jọ kọ́ ọ ni, kò sì le tó bí mo ṣe rò. Sínágọ́gù ló le.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ẹnikẹ́ni kò lé wa. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 13, ìgbà tí àṣẹ Tórà máa ń bọ́ sí ọmọkùnrin Júù lọ́rùn, tí wọ́n á sì pè é síwájú ìjọ fún bar mitzvah, bàbá àgbà kan tó ń ṣètò ìsìn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé Ọlọ́run kò bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ mi.

Kò purọ́. Àwọn àgbà inú Talmud, ìwé òfin àtijọ́ àwọn Júù, ka adití tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ọmọdé àti ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, wọ́n tú gbogbo wọn sílẹ̀ kúrò lábẹ́ àṣẹ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, orí òkè àdúrà ni wọn ì bá gbé ọmọ mi lọ fún ìwòsàn. Lọ́dọ̀ àwọn Júù, wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀. Ibì kan náà ni méjèèjì já sí. Ní sínágọ́gù, ẹni mẹ́wàá gbọ́dọ̀ pé kí a tó lè gba àwọn àdúrà kan, títí kan Kaddish tí à ń gbà nítorí òkú. Ẹni tí àṣẹ kò dè kì í sí nínú mẹ́wàá yẹn. Ó lè jókòó ti ẹni mẹ́sàn-án títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á ṣì máa wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àánú gan-an ni mò ń bá jà. Ẹni tó kórìíra rẹ, o lè dá a lóhùn. Kí lo fẹ́ sọ fún ẹni tó ń bá ọ kẹ́dùn?

Rábì obìnrin kan ní sínágọ́gù mìíràn tí a lọ ló fi ìdájọ́ ọdún 2011 hàn mí. Rábì Pamela Barmash ló kọ ọ́, ìgbìmọ̀ òfin ẹ̀ka Conservative nínú ẹ̀sìn Júù sì fọwọ́ sí i: adití tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, làákàyè rẹ̀ pé, àṣẹ dè é, kí a kà á mọ́ mẹ́wàá. Ó sì lè fi ọwọ́ súre nídìí Tórà.

Ìwé nìkan kò tó. Ibi tí ọmọ máa dúró sí ṣókùnkùn, ìjọ kò ní rí ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná nìkan gba ìpàdé lórí ìpàdé. Pèpéle tí wọ́n ti ń ka Tórà tún ní àtẹ̀gùn, obìnrin kan tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ kò sì dé ibẹ̀ rí. Òfin Amẹ́ríkà ti 1990 tó fi dandan lé e pé kí ilé ìtajà àti ilé sinimá la ọ̀nà fún akàndá ẹ̀dá yọ ilé ìjọsìn sílẹ̀. Mo bi wọ́n pé, ṣé sinimá wá mọ ẹ̀tọ́ ju ilé Ọlọ́run lọ ni? Kò sẹ́ni tó fèsì, ṣùgbọ́n wọ́n gbé tábìlì Tórà sọ̀kalẹ̀.

Ọmọ mi fi ọwọ́ súre, ìjọ sì fi ọwọ́ ṣe àmín.

Ó ti gòkè àgbà díẹ̀ báyìí. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí wọn kò bá ju mẹ́sàn-án lọ, òun ni wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí pé kó sáré máa bọ̀. Á kùn títí, á sì lọ.