Ẹ̀rọ Kò Kú, Ògbufọ̀ Ni Kò Gbédè

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ti fi òwe yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ni ó wá jẹ́ kí n mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìdánwò ku ọ̀la. Ìwé ìbéèrè fún àwọn ọlọ́dún kejì ti wà nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì mi, títẹ̀ ni ó kù. Ó pẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà ti ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi láti ṣe àtúnṣe sí ètò tí ó ń darí rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gbà fún un, mo sì bá ti ìpàdé àwọn olùkọ́ lọ. Nígbà tí mo padà dé, ojú kọ̀ǹpútà ti yí padà, ó ń dán gbinrin. Mo pàṣẹ pé kí ó tẹ ìwé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò mira. Mo yọ wáyà, mo tún fi bọ ihò rẹ̀. Mo pààrọ̀ tàdáwà. Mo tilẹ̀ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí.

Akọ̀wé ẹ̀ka wa ni ó lo ẹ̀rọ náà kẹ́yìn ní òwúrọ̀. Mo ránṣẹ́ pè é, mo sì bá a wí bí ẹni tí ó ba dúkìá ìjọba jẹ́, lójú agùnbánirọ̀ kan tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin náà kò sọ ju "Ẹ má bínú, sà" lọ.

Nígbà tí ó jáde, agùnbánirọ̀ náà bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun wò ó. Kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rárá; inú kọ̀ǹpútà ni ó wọ̀ lọ. Ó ṣí ibi tí orúkọ gbogbo ohun tí a so mọ́ ọn wà. Àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè kan lẹ̀ mọ́ orúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ó ní, "Sà, ẹ̀rọ kò kú. Dráífà rẹ̀ ni kò bá ètò tuntun yìí mu."

Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ èdè ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sì gbọ́ tirẹ̀. Dráífà ni ògbufọ̀ àárín wọn, bí tápítà ti í dúró láàrin ajẹ́lẹ̀ òyìnbó àti ará ìlú láyé àtijọ́. Ajẹ́lẹ̀ mìíràn ti dé pẹ̀lú èdè tirẹ̀, tápítà àná ni ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ó kọ́kọ́ fẹ́ dá dráífà àtijọ́ padà, ṣùgbọ́n bọ́tìnì rẹ̀ ti ṣókùnkùn, kò ṣeé tẹ̀. Ó yọ dráífà náà kúrò pátápátá, ó yọ wáyà, ó pa kọ̀ǹpútà, ó sì tún un tàn. Ó fi íntánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ̀ dé ojú òpó àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà, ó mú dráífà tí ó bá ètò tuntun mu wá. Bí mo ti fẹ́ ki wáyà bọ̀ ọ́, ó ní kí n ṣe sùúrù: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni dráífà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé tán kí a tó so wáyà, kí kọ̀ǹpútà má baà yan ògbufọ̀ tí kò yẹ. Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ kùn, ìwé yọjú, àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà sì pé pérépéré.

Àwọn ojúgbà mi kan ní kí n má ṣe gba irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ láyè mọ́. N kò gbà. Ní oṣù keje ọdún 2021, Microsoft fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ ní kánmọ́kánmọ́ láti dí ihò kan ní apá ìtẹ̀wé ètò Windows, èyí tí ọ̀daràn lè gbà wọ kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ kan tí ń tẹ rìsíìtì àti lébẹ́ẹ̀lì daṣẹ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, ta ni yóò tìtorí pé àgádágodo tuntun le í ṣí, kí ó wá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu sùn? Ohun tí ó yẹ ni pé kí a má ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá wà lọ́rùn wa, kí a sì ti tọ́jú dráífà ẹ̀rọ wa àti ẹ̀dà iṣẹ́ wa sí ibòmíràn.

Èyí tí ó ṣòro jù ni ó kù. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, mo mú agùnbánirọ̀ náà dání, mo lọ bá akọ̀wé wa ní ìdí tábìlì rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, bí iṣẹ́ bá dẹnu kọlẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó yí padà, kí ẹ tó wá ẹni tí ẹ óò bá wí.