Ohun Tójú Lásán Ò Lè Rí

Ẹni tó bá rí i lókèèrè, ìkòkò lásán ni yóò pè é. Amọ̀ tí iná jó di pupa rẹ́súrẹ́sú ni. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹni tó bá sì fọwọ́ pa á lára á mọ̀ pé kò dán. Ẹnu ike ńlá tó ní ẹnu ẹ̀rọ omi nísàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé e kọ́. Bí a bá bu omi odò tó rú sí i, a ó dúró díẹ̀. Ara ìkòkò á kọ́kọ́ rin, á wá máa làágùn, lẹ́yìn náà ni omi tó mọ́ gaara á bẹ̀rẹ̀ sí í kán sínú ike.

Lẹ́búlẹ́bú igi tó ń bọ́ lẹ́nu ayùn ni wọ́n pò mọ́ amọ̀ náà kí wọ́n tó sun ún. Iná jó igi tán, àyè rẹ̀ di ihò wínníwínní. Omi ń yọ́ kọjá. Kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru há sọ́nà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wole Soboyejo, tó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge, tó sì dé Yunifásítì Princeton ní Amẹ́ríkà ní 1999, wà lára àwọn tó wádìí bí omi ṣe ń rìn nínú ihò wọ̀nyí àti ohun tó ń mú ìkòkò náà sán.

Ìbéèrè kan náà ni Soboyejo àti àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń gbé káàkiri: kí ló so nǹkan mọ́ra, ibo ni yóò sì ti já? Wọ́n gbé e dé ìdí jẹjẹrẹ ọmú. Bí a bá pín mítà kan sọ́nà bílíọ̀nù kan, ìdá kan ni nánòmítà. Òun ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀rún irin tí wọ́n ń lò láti fi wá jẹjẹrẹ náà. Wọ́n á fi èròjà tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa ń gbà mọ́ra bo irin náà. Láti mọ bó ṣe lẹ̀ tó, wọ́n ń lo maikirosikóòpù kan tí kì í fi ojú wò, tó jẹ́ pé fífọwọ́ kan nǹkan ló fi ń ríran. Wọ́n á fi èròjà yẹn kun ṣóńṣó abẹ́rẹ́ rẹ̀, wọ́n á rọra fi kan sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á fà á padà, ẹ̀rọ á sì wọn agbára tó gbà kó tó já. Ara jẹjẹrẹ ló ti máa ń le já ju ara sẹ́ẹ̀lì tí kò lárùn lọ. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì adìẹ: irin tó bá lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè tú àṣírí ibi tí àrùn sá pamọ́ sí fún ẹ̀rọ olóòfà tó ń ya àwòrán inú ara.

Soboyejo tún ṣe ààrẹ African University of Science and Technology ní Àbújá. Níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìbéèrè náà dé orí ààtàn: wọ́n pò náílọ́ọ̀nù àlòkù mọ́ yẹ̀pẹ̀ pupa, wọ́n fi mọ búlọ́ọ̀kù, wọ́n wá dán an wò títí tó fi sán. Bí ìwọ̀n náílọ́ọ̀nù náà bá ṣe déédéé, ó máa ń pẹ́ kó tó sán. Ẹni tó bá ti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ bí nǹkan ṣe ń já ti ní ohun tó lè fi bẹ̀rẹ̀ lórí jẹjẹrẹ, kò sì dìgbà tó bá wọkọ̀ òfuurufú kó tó rí ohun tó yẹ ní wíwádìí.