Ilẹ̀kùn Ìkọ̀kọ̀: Ta Ni Yóò Ṣí I Láti Inú?



Àwọn ìdílé kan nínú ìjọ wa ti ń bi wá léèrè bóyá ó tọ́ kí onígbàgbọ́ ní yàrá ìkọ̀kọ̀ nínú ilé rẹ̀, níbi tí ìyá àti àwọn ọmọ lè sá sí bí olè bá wọlé lóru. Èsì wa ni pé ó tọ́. Ẹni tí ó bẹ Ọlọ́run kí Ó ṣọ́ ilé òun kò jẹ̀bi bí ó bá ti ilẹ̀kùn. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé bí ilẹ̀kùn náà yóò ti le tó nìkan ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Ẹni tí yóò jókòó lẹ́yìn rẹ̀, a kì í dárúkọ rẹ̀.

Ní ilé tiwa, ìyá wa ni ẹni náà. Iṣẹ́ ẹ̀kọ́ ìsìn máa ń mú wa sùn ní àwọn ìletò fún òru méjì tàbí mẹ́ta, ìyàwó wa náà a sì lọ sí ọjà òkèèrè. Ìyá wa nìkan ni ó máa ń kù pẹ̀lú àwọn ọmọ. Nígbà tí olè wọ agbo ilé tí ó wà lẹ́yìn tiwa, a pe gbẹ́nàgbẹ́nà kan. Ó mú kọ́kọ́rọ́ ńlá kan wá, èyí tí a ní láti yí ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó tì. Ìyá wa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ tí làkúrègbé ti mú kò lè yí i dé ìdajì. Ó ní: “Ọ̀gá, ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n bí ewu bá dé, tí èmi àti àwọn ọmọ wà nínú, ta ni yóò ṣí i fún wa?”

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Nínú ìtàn Ìjọ, ọkùnrin kan wà tí ó lo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí rẹ̀ títí ó fi kú. Nicholas Owen ni orúkọ rẹ̀, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà ará Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn kúkurú, arákùnrin nínú Ẹgbẹ́ Jésù. Òfin ọdún 1585 ti sọ pé ọ̀dàlẹ̀ ni àlùfáà tí ó bá gba oyè lókè òkun tí ó sì padà wá sí ilẹ̀ náà, ikú sì ni ìyà rẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún 18 ni Owen fi ń ṣe ibi ìsápamọ́ sínú ilé àwọn Kátólíìkì. Lọ́sàn-án, yóò máa ṣe iṣẹ́ igi lásán lójú gbogbo ènìyàn. Lóru, òun nìkan ni yóò máa fọ́ ògiri. Kì í ṣe méjì kí wọ́n jọ ara wọn, kí ọ̀tá tí ó bá rí ọ̀kan má baà rí gbogbo rẹ̀. Títí di òní, ní ilé Harvington, òpó igi kan wà lára ògiri tí ó dàbí òpó ilé, ṣùgbọ́n tí ó ń yí, tí ihò ìsápamọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1606, wọ́n yí ilé Hindlip ká. Owen àti ẹnì kejì rẹ̀, Ralph Ashley, jáde fúnra wọn lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nítorí ebi. Àwọn àlùfáà méjì tí ó wà ní ihò mìíràn, Henry Garnet àti Edward Oldcorne, pẹ́ jù wọ́n lọ, nítorí pé wọ́n ń gba omi ọbẹ̀ mu láti inú ihò ògiri. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ burúkú lé wọn jáde níkẹyìn. Owen kú sínú ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ní Tower of London ní oṣù kẹta, kò sì fi ibì kankan hàn. Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà kà á mọ́ àwọn Ẹni Mímọ́ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1970.

Ẹ kíyè sí i pé ilẹ̀kùn kọ́ ni ó yẹ̀. Àwa ọmọ Kétu náà mọ̀ ọ́n. Ẹnubodè Àkàbà Ìdèènà lágbára, odi àti yàrà wà níbẹ̀. Síbẹ̀ nígbà tí ogun Dànhòmẹ̀ dó ti ìlú títí ebi fi mú àwọn ará inú, ìlú bọ́ sọ́wọ́ wọn ní ọdún 1886.

Nítorí náà, ihò afẹ́fẹ́ ni a kọ́kọ́ lù, sókè ní ẹ̀yìn ilé, a sì fi àwọ̀n irin bò ó. Lẹ́yìn náà ni a tó wá sọ̀rọ̀ irin.

Irin tí ilẹ̀kùn fi ń yí, tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ń pè ní paumelle bí àwọn Faransé, ni ó máa ń tú àṣírí jù. Bí ilẹ̀kùn bá ń ṣí sí ìta, a ó rí i lójú ògiri, olè sì lè gbá ọ̀pá inú rẹ̀ yọ. A ní kí tiwa máa ṣí sí inú. Bí olè bá tilẹ̀ ti àga tàbí àpótí dí iwájú rẹ̀, ìyá wa yóò ṣì lè fà á. Àwọn baba wa kò lo irin rárá: wọ́n á gbẹ́ orí àti ẹsẹ̀ pákó ní ṣóńṣó, wọ́n á kì í bọ ihò lókè àti nílẹ̀, ilẹ̀kùn á sì máa yí lórí ara rẹ̀. Irú èyí ni a mú, ṣùgbọ́n tí a fi irin ṣe, nítorí pé ilẹ̀kùn wa ru pẹpẹ ìwé. Ilẹ̀ ni ó ń gbé ìwúwo náà dípò ìṣó. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo paumelle, kí ó lo mẹ́ta, má ṣe méjì, kí ìṣó rẹ̀ sì gùn tó láti gba inú férémù kọjá wọ ògiri. Kí ilẹ̀kùn má sì ha ilẹ̀. Ibi tí ó bá ti ń ha sìmẹ́ńtì yóò fa ilà bí òṣùpá, àní ọmọdé lè mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Igi tí kò gbẹ dáadáa yóò wú lójò, yóò sì há, ìyẹn ni pé ilé ti di pàkúté.

Ní ti àgádágodo lóde, a kọ̀ ọ́: ó ń pariwo pé nǹkan wà níbẹ̀, ẹni burúkú sì lè fi í ti ènìyàn mọ́lé. Èyí tí ń lo iná mànàmáná, tí a ń tẹ nọ́ńbà sí, ìgbà tí iná bá lọ ni a ó mọ irú ẹni tí ó jẹ́. A mú èyí tí kò ń fẹ́ kọ́kọ́rọ́ láti inú: ọwọ́ irin gígùn kan ni, tí a lè fi ìgúnpá tẹ̀ wálẹ̀. Ihò kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo wà níta, lẹ́yìn ìwé, nítorí pé òòyì lè kọ ẹni tí ó wà nínú. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwa àti ẹnì kan tí a fọkàn tán. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá lẹ́yìn Mísà.)

A kò kó owó síbẹ̀. Owó àjọ ẹlòmíràn ni ó máa ń mú kí olè wá gbogbo ògiri kiri. Bí ó bá bèèrè owó, kí a fún un. Bí iná bá sì ń jó ilé, ìta ni kí a sá sí. Yàrá yìí kò wà fún iná. Omi, tọ́ọ̀ṣì àti tẹlifóònù tí ó ní iná nínú ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú àpótí ìjókòó tí ìyá wa fúnra rẹ̀ bèèrè fún.

Gẹ́gẹ́ bí a ti mọ ibi tí ọwọ́ irin náà yóò dúró: a pa fìtílà, a ní kí ọmọ wa àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún 6, na ọwọ́ sókè lára pákó. Ibi tí ìka rẹ̀ dé ni gbẹ́nàgbẹ́nà fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí.