Asofẹ́yẹjẹ

Bí o bá ń gba ọ̀nà oko kọjá ní ìgbà òjò, ìwọ òǹkàwé mi, tí o sì wo inú igbó tí ó hù bo oko àtijọ́, ó ṣeé ṣe kí o rí igi kan tí kò ga púpọ̀, tí ewé rẹ̀ a máa yọ ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin yí ẹ̀ka ká ní ojú kan náà. Já ewé rẹ̀ kan, oje funfun bí wàrà yóò sì tú jáde. Èso rẹ̀ kéré, a sì máa pọ́n nígbà tí ó bá gbó. Ènìyàn kì í jẹ ẹ́. Àwọn ẹyẹ ni ó ni ín. Àwọn náà ni wọ́n sì ń gbìn ín káàkiri láì gba owó oko lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí àwọn baba wa fi sọ ọ́ ní asofẹ́yẹjẹ. Orúkọ náà dùn létí, bí ẹni pé igi tí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi ni ó ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Rauvolfia vomitoria, èébì sì ni ọ̀rọ̀ kejì yìí ń tọ́ka sí.

Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí ṣe olùkọ́ fún ọdún márùndínlógójì, mo sì fẹ̀yìntì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé. Díẹ̀ ni ó kù kí n fi igi yìí pa ènìyàn.

Ní ọdún 1985, orí àbúrò mi ọkùnrin dàrú. Kì í sùn lóru, a sì máa bá àwọn tí a kò rí jà. Baba wa mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá oníṣègùn kan ní abúlé. Èmi tako èyí gidigidi, nítorí mo ti gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni, mo sì rò pé kò sí ohun tí ẹni tí kò mọ̀wé lè mọ̀ tí n kò mọ̀. Baba mi wò mí, kò sì dá mi lóhùn.

Bàbá náà kò fi ṣẹkẹṣẹkẹ de àbúrò mi, bí àwọn mìíràn ti máa ń ṣe. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi ń bi wá ní ìbéèrè kí ó tó gbé ọkọ́ lọ sínú igbó. Ó wa gbòǹgbò asofẹ́yẹjẹ, ó bó èèpo rẹ̀, ó sá a, ó sì gún un kúnná. Ìwọ̀nba tí orí ìka méjì lè mú ni ó bù sínú ẹ̀kọ mímu. Àbúrò mi sùn láti ìrọ̀lẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó padà wá sílé. Títí di òní ni ó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni ọ̀ràn rẹ̀ máa ń yọrí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá ìwé kà nípa igi yìí. Mo kà pé ní ọdún 1952 àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Switzerland yọ èròjà tí wọ́n ń pè ní reserpine jáde láti inú gbòǹgbò igi kan ní Íńdíà tí ó jẹ́ ọmọ ìyá asofẹ́yẹjẹ, àti pé èròjà náà wà nínú tiwa pẹ̀lú. Àwọn dókítà lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún àrùn ọpọlọ. Mo kà nípa Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní ọdún 1954, tí ó fi àwọn aláìsàn àti ẹbí wọn wọ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, tí ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́. O lè rò pé ìwé wọ̀nyí mú ìgbéraga mi rọlẹ̀. Rárá o, aṣọ ni ó pààrọ̀. Èmi tí mo ń kẹ́gàn egbòogi tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí ń fi í yangàn láàárín àwọn olùkọ́.

Ní ọdún 1987, olùkọ́ kan tí a jọ wà ní ilé-ìwé kan náà ń ráhùn pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò jẹ́ kí òun sùn. Mo gbé ọkọ́. Mo wa gbòǹgbò, mo sè é, mo sì bu odidi ife kan fún un. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti bì títí, ara rẹ̀ tutù, ìlù ọkàn rẹ̀ sì ń lọ́ra bí ẹsẹ̀ arúgbó.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà bi ìyàwó rẹ̀ pé kí ni ọkọ rẹ̀ jẹ. Ó ní iyán ni. Dókítà yíjú sí mi: ‘Tíṣà, ṣé ẹ mọ ohun mìíràn tí ó mu?’

Mo ní, ‘N kò mọ̀.’

Mo dúró lẹ́bàá fèrèsé. Mo ń ro iṣẹ́ mi, mo ń ro ọlọ́pàá, mo ń ro ohun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò wí. Bóyá wákàtí kan kọjá. Ìyàwó ọkùnrin náà tú ìborùn rẹ̀, ó fi bo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀, ó sì yíjú sí mi, ó kúnlẹ̀: ‘Tíṣà, ẹ kú àdúrótì. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi irú rẹ̀ san án fún yín.’

N kò lè gba ọpẹ́ náà. Mo sáré tọ dókítà lọ, mo sì jẹ́wọ́. Kò bá mi wí. Ohun tí ó bi mí kò ju pé: gbòǹgbò tàbí ewé, ife mélòó, aago mélòó? Nígbà náà ni mo gbọ́ pé ọ̀rẹ́ mi ti ń lo hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, ìyẹn ni pé tàgbo tòyìnbó ni wọ́n jọ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀ sókè, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sì ṣọ́ ọ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó la ojú.

Mo lọ bá bàbá oníṣègùn. Ó ní, ‘Kí ni ọkùnrin náà ti ń lò tẹ́lẹ̀?’ N kò bi í rí. ‘Ṣé inú òfo ni ó wà?’ N kò bi í. Bàbá gba gbòǹgbò tí ó kù lọ́wọ́ mi. Ó ní, ‘Ọwọ́ mi ni o wò, Tíṣà, o kò wo ojú mi.’

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú. Ó gbọ́, kò sì bú mi. Títí wọ́n fi gbé e lọ sí ilé-ìwé mìíràn, a jọ ń kí ara wa dáadáa, ṣùgbọ́n kò mu omi nínú ilé mi mọ́.

Asofẹ́yẹjẹ kan wà lẹ́yìn ilé mi báyìí; ẹyẹ ni ó gbìn ín síbẹ̀. Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ-ọmọ mi bi mí pé kí ni a ń fi igi náà ṣe. Mo mú un jókòó, mo sì sọ ìtàn yìí fún un, láì fo ibi tí mo ti wí pé n kò mọ̀.