Òrí Ni Mo Padà Sí

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí tì mí lójú díẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí.

Ọjọ́ ọdún Òrìṣà ni àṣírí mi tú. Ní ilé wa ní Ìbàdàn, ìyá ọkọ mi ló ń bọ Ọbàtálá. Lọ́jọ́ náà gbogbo wa ti wọ funfun. Nígbà tó kan kí wọ́n fi ẹfun sí wa lójú, èmi náà kúnlẹ̀, mo gbé ojú sókè. Bí ìka Ìyá ṣe kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́ báyìí, àfi bí ẹni pé wọ́n fi ata kùn mí lójú. Mo kọ́kọ́ mú un mọ́ra. Kò pẹ́, omi ti ń dà lójú mi, ibi tí ẹfun wà ń jó mi bí iná. Mo dìde láàárín àwọn èèyàn, mo sá lọ síbi omi. Ẹfun tí wọ́n fi kun àwọn ọmọdé lójú, tí wọ́n sì ń sáré kiri, òun ni èmi ò lè gbà! Ẹfun ò lẹ́ṣẹ̀. Ojú mi ni mo ti bà jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń bóra. Aṣọ ni mo ń tà lọ́jà, ó sì ń ṣe mí bíi pé ọ̀dọ̀ àwọn tó pupa, tí ojú wọn ń dán, ni àwọn oníbàárà máa ń yà sí. Obìnrin kan po ìpara fún mi sínú ike tí kò ní orúkọ kankan lára. Ó ní ewé àti òróró lásán ni. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ayé ń kí mi, inú mi ń dùn. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, mi ò lè sún mọ́ iná ìdáná mọ́, ojú á máa ta mí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pọ́n, abẹ́ ojú mi dúdú, oríkèé ìka mi sì kọ̀, kò pupa rárá. Páúdà ni mo fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Tó bá di alẹ́, màá fi ọṣẹ àti kànìnkànìn ha páúdà náà kúrò, màá tún fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Mo rò pé ìmọ́tótó ni mò ń ṣe.

Lálẹ́ ọjọ́ ọdún yẹn, Ìyá pè mí wọ yàrá wọn. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn wò mí títí, wọ́n ní, "Ìyá Fúnkẹ́, ta lo ń bó o fún?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Wọ́n ní, "Àwọn àfín, ẹni Òrìṣà ni wọ́n. Bí Òrìṣà ṣe fẹ́ kí wọ́n rí ló dá wọn, a sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n o rí bí wọ́n ṣe ń wá ibòji kiri nítorí oòrùn. Ìwọ, Òrìṣà rán ibòji mọ́ ọ lára láti ọ̀run wá, owó lo wá fi ń ra ohun tó ń bó o dànù."

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, ara mi á ṣì gbọ̀n.

Ìyá ò ní kí n jókòó sílé kí n máa fi àgbo nìkan ṣe é o. Wọ́n ní kí n lọ sí ilé ìwòsàn, kí n gbé ike náà dání. Dókítà tó rí mi ṣàlàyé pé nínú irú ìpara àpòpọ̀ báyìí, ohun tí wọ́n sábà máa ń bá ni hydroquinone, mẹ́kúrì, àti oògùn tí wọ́n ń pè ní steroid. Mẹ́kúrì yìí máa ń gba awọ wọlé, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Steroid ní tirẹ̀ máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí èèyàn bá sì ti lò ó pẹ́, ojú lè le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn tó bá jáwọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí dókítà mọ̀ sí i. Ó ní kí n sinmi kànìnkànìn, kí n sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ sílẹ̀, nítorí bí omi rẹ̀ bá wà lára tí oòrùn pa á, ó máa ń jó èèyàn, á sì fi àpá dúdú sílẹ̀.

Nígbà tí ojú mi rọ̀, tí dókítà ní mo lè máa fi ohun tí kò le nù ún, ìgbà náà ni Ìyá gbé igbá òrí wọn jáde. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi epo pupa bọ Ọbàtálá. Òrí ni tirẹ̀. Òrí tí Ìyá ń lò, láti Ṣakí ni wọ́n ti ń rà á bọ̀ fún wọn. Ó funfun díẹ̀ bí eyín erin, ó sì ń rùn bí èso tí wọ́n yan. Wọ́n ní èyí tó bá pọ́n yòò, kí n bi ẹni tó ń tà á léèrè dáadáa, nítorí àwọn kan máa ń fi àwọ̀ sí i.

Èmi bi wọ́n pé, "Ìyá, ṣé òróró ló máa wá fọ ojú tó ti ń yọ òróró tẹ́lẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, ṣé omi ló ń ká a?" Lóòótọ́, epo ni a fi ń nù ún. Bákan náà ni páúdà, àti ọ̀rá ara tó ti po mọ́ eruku ọjà. Omi á kàn ṣàn kọjá lórí wọn ni. Òróró ló ń tú wọn sílẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ. Mú òrí tí kò ju ẹyọ ẹ̀pà kan tàbí méjì lọ, fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí yóò fi yọ́. Ooru ọwọ́ tó o, kò nílò iná. Ojú gbígbẹ ni kí o fi pa, má tíì fi omi kàn án. Máa fi ìka yí i po jẹ́jẹ́, láti iwájú orí dé àgbọ̀n, fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ki aṣọ òwú funfun tó mọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, fún un, gbé e lé ojú díẹ̀, kí o wá rọra nù ún. Má ha á. Ohun tó o máa rí lára aṣọ náà á yà ọ́ lẹ́nu. Ṣe é lẹ́ẹ̀kejì bí páúdà bá pọ̀, kí o sì fi omi tútù ṣan ojú. Kí kálukú ní aṣọ tirẹ̀, kí o fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí o sá a sóòrùn. Ẹni tí kò bá lo òrí rí, kó kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá, kó wò ó di ọjọ́ kejì. Bí òrí bá sì ti ń rùn kíkan, má fi kan ojú.

Ìkánjú tún mú mi ṣe àṣìṣe kan. Mo ra òróró ojú kan nínú ìgò tó dára, tí wọ́n ní ó ń tètè ṣiṣẹ́. Ìyá ṣí i, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n dá a dúró. Wọ́n ní kí Fúnkẹ́ ọmọ mi ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ọmọ kà á: àdí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àdí! Nínú ilé tí yangí Èṣù wà lẹ́nu ọ̀nà! Èèwọ̀ rẹ̀ ni, gbogbo wa la mọ̀, àmọ́ nítorí pé èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, mo gbé e kọjá níwájú rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni a gbé e jáde, Ìyá sì bẹ Láàlú fún mi.

Fúnkẹ́ wá béèrè pé, "Màmá àgbà, àdí àgbọn ńkọ́?" Wọ́n ní, "Orúkọ ló pa wọ́n pọ̀. Inú èkùrọ́ ni àdí ti Èṣù ò fẹ́ ti ń jáde. Àgbọn ni tibí." Nítorí náà, a ń lo àdí àgbọn fún irun àti ara nílé wa. Lójú, ó bá àwọn kan lára mu. Èmi, ròrẹ́ ló fi yọ sí mi, mo sì padà sí òrí.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Fúnkẹ́ jókòó sídìí iná mànàmáná, ó ń ka ìwé, mo rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà pupa ju ọrùn rẹ̀ lọ. Àyà mi já. Mo lọ fa ike yẹn jáde lábẹ́ ibùsùn mi. Ó ti lọ sílẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò bi mí pé kí ni ike náà ń ṣe lábẹ́ ibùsùn? Owó tí mo fi rà á ni mo ń rò. Mo tún ń rò ó lọ́kàn mi pé bí ojú mi bá yá tán, bóyá màá máa fi díẹ̀díẹ̀ lò ó. Ọmọ ọdún 15 ni Fúnkẹ́. Nígbà tí mo bi í, ó dorí kodò, ó ní, "Màámi, ṣebí ẹ̀yin náà lò ó."

Mi ò lè nà án. Ta ni mo fẹ́ nà? Gbogbo ohun tí Ìyá ti ń kọ́ wa, etí rẹ̀ ló ṣe, àmọ́ ojú mi ló ń wò. Mo jókòó tì í lórí ẹní, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ohun tí mo ń gbèrò. Lọ́jọ́ kejì, èmi àtòun la jọ gbé ike náà lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó bá wa yẹ ojú rẹ̀ wò, a ò sì gbé e padà wálé mọ́.

Nísinsìnyí, tó bá ti di alẹ́, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa ń jókòó yí igbá òrí ká. Ìyá á mú tiwọn, èmi á mú tèmi, Fúnkẹ́ á mú tirẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìròyìn ilé ìwé rẹ̀, tí n kì í gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ojú mi ò tíì padà bọ̀ sípò tán. Àpá dúdú kan ṣì wà lábẹ́ ojú òsì, mi ò sì fi páúdà bò ó mọ́. Bí mo bá ń lọ sọ́jà, agbòòrùn mi ń bẹ lọ́wọ́.

Ọdún Òrìṣà tún dé. Mo kúnlẹ̀, Fúnkẹ́ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ìyá ti ìka bọ ẹfun, wọ́n fi kàn mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo di ojú pọ̀, mo ń retí pé á jó mi.

Ó tutù.

Orí wa kò ní kọ̀ wá. Òrìṣà tó dá wa kò ní kábàámọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lára wa. Àṣẹ.