Fáànù Tó Mọ Ìgbà Tó Yẹ Kó Ṣiṣẹ́

Ẹ̀ńjìnnì ọ̀kadà tó bá wà lára ọ̀kadà kì í ní wàhálà ooru púpọ̀. Ìta gbangba ló wà. Bí ó bá ti ń sáré, atẹ́gùn ń gba àárín àwọn abẹ irin tó yí sìlíńdà rẹ̀ ká kọjá, ó sì ń gbé ooru lọ. Ẹ gbé ẹ̀ńjìnnì kan náà sínú bọ́dì mọ́tò, kí ẹ wá wò ó. Kẹ̀kẹ́ Maruwa tó ń ná Lágere sí Sábó nílùú Ifẹ̀ lójoojúmọ́ ni ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ wà, níbi tí atẹ́gùn kò ti lè rí i. Àwọn tó ṣe é wá de fáànù mọ́ ọn lára, wọ́n sì fi páànù bò ó kí atẹ́gùn lè lọ bá sìlíńdà tààrà. Bí ẹ̀ńjìnnì bá ń yí, fáànù ń yí. Kò sí wáyà kankan níbẹ̀. Ọmọṣẹ́ tó bá ń rò ó pé òun á to mọ́tò tòun lọ́jọ́ kan, kó kọ́kọ́ tú ẹ̀yìn Maruwa wò.

*

Nílùú Gẹ̀ẹ́sì, ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń fọwọ́ ara wọn to mọ́tò kéékèèké. Lotus Seven, tó jáde ní 1957, ni ọ̀pọ̀ wọn ń wò ṣe. Wọ́n ń tà á ní ẹyọ ẹyọ, ẹni tó rà á ni yóò tò ó nílé. Nígbà tó yá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ńjìnnì alùpùpù ńlá sínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀: Honda Fireblade, Yamaha R1, Suzuki Hayabusa. Àwọn wọ̀nyí ń lo omi, wọ́n sì ní rédíétọ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Fáànù kékeré tó bá alùpùpù wá kò ká mọ́tò, wọ́n á wá fáànù tó tóbi. Ṣùgbọ́n kọ́ìlì tó ń fún bátìrì ní iná kò tóbi sí i. Fáànù tó ń fa ámípìà 10 lórí iná fóòtì 12 ń jẹ wọ́ọ̀tì 120. Iná iwájú mọ́tò méjèèjì, wọ́ọ̀tì 55 lọ́kọ̀ọ̀kan, kò jẹ tó bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí ẹ̀ńjìnnì ń rọra yí, ìgbà náà gan-an ni iná kọ́ìlì kéré jù, ìgbà náà gan-an sì ni fáànù nílò iná jù.

*

"Ẹ bá mi so ó ní dáírẹ́ẹ̀tì." Gbólóhùn yìí wọ́pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ríwáyà. Súwíìṣì fáànù ti kú, oníbàárà ń kánjú, tòkunbọ̀ tó wà lọ́jà kò sì dáni lójú. Wọ́n á yọ tàmósítáàtì dànù, wọ́n á so fáànù mọ́ kọ́kọ́rọ́. Bí ẹ bá ti tan mọ́tò, fáànù ti bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe òwúrọ̀ ọyẹ́.

Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Nínú ooru oṣù kẹta, kò sí ẹni tó fẹ́ kí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì òun jó. Síbẹ̀ n kò gbà pé àtúnṣe ni. Ẹ̀ńjìnnì tí kò gbóná dé ibi tó yẹ ń jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń tètè gbó. Fáànù tí kì í sinmi ń jẹ búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ tán kíákíá. Lára mọ́tò ńlá, áltánétọ̀ lè fara dà á. Lára ẹ̀ńjìnnì alùpùpù, bátìrì ló máa kọ́kọ́ kú.

*

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí. Wáyà tó nípọn kúrò lórí bátìrì, ó gba inú fíùsì, ó wọ rìlé ní ojú tí wọ́n kọ 30 sí. Láti ojú 87 ló ti ń lọ sí fáànù. Wáyà tínrín láti kọ́kọ́rọ́ wọ ojú 86. Láti ojú 85, òmíràn lọ bá súwíìṣì tó wà lára rédíétọ̀. Bí omi bá gbóná tó nǹkan bí dígírì 95 lórí ìwọ̀n Celsius, súwíìṣì á so wáyà yẹn mọ́ bọ́dì, rìlé á dún "kàn", fáànù á bẹ̀rẹ̀. Bí omi bá tutù díẹ̀, yóò dákẹ́ fúnra rẹ̀. Iná kékeré ló ń pàṣẹ, wáyà ńlá ló ń ru ẹrù. Mo fẹ́ràn ìró "kàn" yẹn. Ẹ̀ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló sọ pé ó tó àkókò.

Nọ́ńbà mẹ́rin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà lára gbogbo rìlé tó wà lọ́jà. Ọmọṣẹ́ tó mọ̀ wọ́n lórí kò ní máa fọwọ́ táràrà.

*

Bí bọ́dì mọ́tò tí ẹ tò bá jẹ́ onífáíbà, kò ní gbé iná. Wáyà tó yẹ kó lọ sí bọ́dì gbọ́dọ̀ padà sórí bátìrì tàbí ara férémù irin. Ọ̀pọ̀ fáànù tí wọ́n pè ní òkú, bọ́dì tí kò mú ló pa wọ́n.

*

Bàbà ni ẹ̀mí iṣẹ́ wáyà yìí, Ifẹ̀ sì ti mọ bàbà tipẹ́. Ìbòjú Ọbalùfọ̀n, ọba Ifẹ̀ àtijọ́, tí àwọn baba wa dà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé, bẹ́ẹ̀ bàbà tí kò lú ṣòro láti dà ju idẹ lọ, kì í sì í ṣe ilẹ̀ wa ni wọ́n ti wà á. Ọjà ọ̀nà jíjìn ló gbé e dé. Ó ń dùn mí bí mo bá bó wáyà lónìí tí mo rí alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà pa lára. Wáyà bẹ́ẹ̀ á máa gbóná, fáànù á sì máa yí bí ẹni tí kò jẹun. Èyí tó burú jù ni kí fíùsì jó, kí ẹnì kan fi ẹ̀ka wáyà dí ojú rẹ̀. Fíùsì ló yẹ kó jó. Bí kò bá jó, ọkọ̀ ni yóò jó.

*

Láti mọ̀ bóyá fáànù ń yí síbi tó yẹ, ẹ fi bébà kan síwájú rédíétọ̀ nígbà tí fáànù bá ń yí, ní òdì kejì sí fáànù tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí bébà bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó dára. Bí ó bá fò kúrò, ẹ ti so wáyà méjèèjì lódì, fáànù ń bá atẹ́gùn ojú ọ̀nà jà.

*

Ní 2014, ìròyìn Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tàn káyé láti Ifẹ̀ níbí. Ó sọ Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen àtijọ́, di ọkọ̀ tó ń lo oòrùn àti atẹ́gùn, pẹ̀lú páńẹ́lì lórí rẹ̀ àti ẹ̀rọ atẹ́gùn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àlòkù tí ọ̀rẹ́ àti ẹbí fún un ló fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀ láti ilé-iṣẹ́ wá. Fáànù tí bẹ́líìtì ń yí ló ń tu ẹ̀ńjìnnì rẹ̀. Ohun tó wú mi lórí ni pé bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ ń gbà tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kó tó kún. Ẹni tó ń dúró de iná bẹ́ẹ̀ ń ka gbogbo ohun tó ń jẹ ẹ́. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń to ọkọ̀ mú lọ sídìí fáànù.

*

Awakọ̀ kọ́rọ̀pẹ̀ mọ rédíétọ̀ dáadáa, ṣebí kẹ́ẹ̀gì omi wà lábẹ́ àga rẹ̀. Kí ó ṣáà má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná. Ìdérí yẹn ló ń tẹ omi mọ́lẹ̀ tí kì í fi í hó ní dígírì 100. Bí ẹ bá ṣí i lójijì, yóò hó sókè sójú yín.

*

Ìpinnu kan kù fún ẹni tó ń to ọkọ̀: ṣé kí fáànù máa yí lẹ́yìn tí wọ́n bá pa mọ́tò? Bí wáyà ojú 86 bá ti bátìrì wá, yóò máa yí títí omi yóò fi tutù, èyí sì dára fún ẹ̀ńjìnnì. Bí ó bá ti kọ́kọ́rọ́ wá, yóò kú pẹ̀lú mọ́tò, èyí sì dára fún bátìrì. Pẹ̀lú bátìrì alùpùpù tó kéré, kọ́kọ́rọ́ ni èmi yóò mú, màá sì jẹ́ kí ẹ̀ńjìnnì rọra yí díẹ̀ kí n tó pa á.