Bí Kọ̀ǹpútà Ojú Ọjọ́ Ṣe Ń Gbàgbé

LDM ni ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Amẹ́ríkà fi ń gba ìròyìn ojú ọjọ́, tí wọ́n sì fi ń pín in láàárín ara wọn. Unidata, tó wà ní ìlú Boulder ní ìpínlẹ̀ Colorado, ló ṣe é. Ọ̀fẹ́ ni, orí Linux ni wọ́n sì ti sábà máa ń lò ó. Ọdún 1984 ni Unidata bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, wọ́n gbé ìpínkiri ìròyìn náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí orísun kan ṣoṣo tí gbogbo wọn ti ń bu ú. Kọ̀ǹpútà kan á gbà á lọ́wọ́ èyí tó wà lókè rẹ̀, á sì gbé e fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Àwòrán rédà, ìwọ̀n ooru àti afẹ́fẹ́ láti pápákọ̀ òfuurufú, àti àsọtẹ́lẹ̀ tí àwọn kọ̀ǹpútà ńláńlá ṣírò, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

Fífi LDM sórí kọ̀ǹpútà ní ìlànà tirẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣí àkáǹtì kan tó ń jẹ́ ldm, nítorí kò bójú mu kí iṣẹ́ tó ń bá òde sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru máa lo agbára root, ọ̀gá pátápátá lórí Linux. Ẹnu-ọ̀nà (port) 388 ni LDM ń gbà bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Linux kì í sábà jẹ́ kí ẹlòmíràn yàtọ̀ sí root ṣí ẹnu-ọ̀nà tí nọ́ńbà rẹ̀ kò tó 1024, nítorí náà wọ́n á fún apá kan ètò náà ní àṣẹ root. Wọ́n á ṣí ẹnu-ọ̀nà kan náà lára firewall, wọ́n á fún kọ̀ǹpútà náà ní orúkọ tí àwọn tó wà lóde lè fi dá a mọ̀, wọ́n á sì wá tún aago rẹ̀ ṣe.

Aago yìí jọ ohun tí kò tó nǹkan. Gbólóhùn kan tó láti sọ ọ́: kí aago péye, kí ètò bíi chrony sì máa ṣọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀, òun ló gbé iṣẹ́ yòókù ró. Gbogbo ìròyìn tó ń wọlé ló ní àkókò tí wọ́n ṣe é lára. LDM á fi aago tirẹ̀ wọn ọjọ́ orí rẹ̀; bó bá ti ju 3600 ìṣẹ́jú-àáyá lọ, ìyẹn wákàtí kan, kò ní gbà á, àfi bí alábòójútó bá yí òdiwọ̀n náà padà. Bí aago bá sáré ju wákàtí kan lọ, ìròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde á di àtijọ́ lójú rẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, àyè wà lórí dísìkì, kọ̀ǹpútà òkè ń fi ránṣẹ́, síbẹ̀ nǹkan kan kò ní wọlé. Bí aago bá lọ sẹ́yìn ńkọ́? Lójú kọ̀ǹpútà náà, ìròyìn á dé kí wọ́n tó ṣe é.

Wákàtí kan yìí kan ilẹ̀ Yorùbá lọ́nà tó yani lẹ́nu. Aago Èkó fi wákàtí kan gan-an ṣáájú UTC, aago àgbáyé tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Kútọnu. UTC ni Linux ń kà nínú, á wá ṣírò aago ìlú láti ara rẹ̀ fún ẹni tó ń wò ó. Ẹni tó bá fi ọwọ́ yí aago inú náà kó lè bá ti ara ògiri mu ní Ìkejà ti sún un síwájú ní 3600 ìṣẹ́jú-àáyá. Ìròyìn tí wọ́n ṣe ní aago mẹ́fà UTC, tó dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré, ọjọ́ orí rẹ̀ á ti di 3602, LDM á sì kọ̀ ọ́. Ní Lomé, àṣìṣe kan náà kò ní ba nǹkan kan jẹ́, torí aago Tógò àti UTC kò yàtọ̀ síra. Ọjọ́ pàápàá máa ń yí: òjò tó rọ̀ ní Ìkejà ní aago méjìlá ààbọ̀ òru mọ́jú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ Ajé ni ìròyìn pápákọ̀ òfuurufú á kọ ọ́ sí, 2330Z.

Wàhálà aago yìí dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 1870, àwọn ọmọ ogun ní ibùdó 24 ní Amẹ́ríkà wo ojú ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ní aago 7:35 àárọ̀, wọ́n sì tẹ wáyà sí Washington. Nígbà yẹn, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀sán gangan tirẹ̀: ìgbà tí oòrùn bá dé àtàrí wọn ni aago méjìlá wọn ń lù. Ká ní ibùdó kọ̀ọ̀kan dúró de 7:35 ti ìlú tirẹ̀, àwọn ará ìlà-oòrùn á ti wò tán kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa lọ́dọ̀ àwọn ará ìwọ̀-oòrùn. Ìjì tó ń rìn láàárín wọn á ti ṣípò, àwòrán tí wọ́n bá yà ní Washington á sì fi ojú ọjọ́ kan hàn tí kò sí láyé rí ní ìṣẹ́jú kankan. Ìdí nìyí tí àwọn aṣọ́jú-ọjọ́ fi ní láti pa aago pọ̀. Ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1883 ni àwọn iléeṣẹ́ reluwé Amẹ́ríkà tó pa aago wọn pọ̀ sí ẹkùn díẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 1884 ni ìpàdé orílẹ̀-èdè 25 ní Washington tó fi ìbò yan Greenwich.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, aago tó péye nìkan kò tó. Fáìlì kan wà tí wọ́n ń pè ní queue, tí ìwọ̀n rẹ̀ kì í yí; 500 megabyte ló ń bá ètò náà wá. Ibẹ̀ ni gbogbo ìròyìn kọ́kọ́ ń wọ̀. Bó bá kún, èyí tó pẹ́ jù á jáde kí tuntun lè wọlé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé ibi ìpamọ́ ni, kó sì máa fẹ̀ ẹ́ kí ìròyìn lè pẹ́ lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ máa ń tọrọ ìròyìn kan náà lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà òkè méjì, kí ọ̀kan lè dí àyè èkejì bó bá dákú. Gbogbo ìròyìn á tipa bẹ́ẹ̀ dé lẹ́ẹ̀mejì. LDM ń fi MD5, àmì tó ń ṣírò láti inú ìròyìn fúnra rẹ̀, dá wọn mọ̀: bí àmì náà bá wà nínú queue, á kọ èkejì. Bí queue bá kéré, tí àkọ́kọ́ ti jáde kí èkejì tó dé, kò sí ohun tí á fi mọ̀ pé òun ti gbọ́ ọ rí. Á gbà á bí ìròyìn tuntun, á sì tún pín in fún àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ibí yìí ni aago àti queue ti pàdé. LDM ń ní sùúrù wákàtí kan fún ìròyìn tó bá pẹ́ lọ́nà. Queue wá gbọ́dọ̀ rántí ohun tó ti gbọ́ fún wákàtí kan, ó kéré tán. Bí sùúrù bá gùn ju iyè lọ, àsọtúnsọ ló máa ń bí. Iyè tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ kò fi nǹkan kan kún iṣẹ́ ìpínkiri. Ìgbàgbé tó ní ìwọ̀n ló ń jẹ́ kí fáìlì kan ṣoṣo gba ìròyìn lọ́dọọdún láìkún àkúnya. Nítorí náà, nọ́ńbà tó yẹ kí alábòójútó máa wò ni ọjọ́ orí ìròyìn tó pẹ́ jù nínú queue, ní wákàtí tí ìròyìn bá ń rọ́ wọlé jù.

Ìpamọ́ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ètò tó ń jẹ́ pqact ló sì ń ṣe é. Nínú fáìlì pqact.conf ni wọ́n ń kọ irú àkọlé tó yẹ kó mú, àti ohun tó yẹ kó fi ṣe: kó kọ ọ́ sí fáìlì, tàbí kó gbé e fún ètò tó ń tú u. Àkọlé náà ń sọ irú ìròyìn, agbègbè tó ti wá, ibùdó tó kó o jọ, ọjọ́ àti aago UTC. Ẹni tó ń ṣèwádìí òjò etíkun lè fa ti ibùdó DNMM ní Ìkejà, DBBB ní Kútọnu àti DXXX ní Lomé yọ, kó jẹ́ kí ìyókù máa kọjá lọ. Táàbù ló gbọ́dọ̀ wà láàárín apá kan àti èkejì nínú fáìlì yìí. Àlàfo lásán á ba iṣẹ́ náà jẹ́, ojú kò sì lè fìyàtọ̀ sáàárín méjèèjì.

Ó ku pínpín. Nínú ldmd.conf, REQUEST ń dárúkọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ALLOW ń dárúkọ àwọn tó láṣẹ láti gbà. Àṣẹ ldmadmin mkqueue ló ń dá queue sílẹ̀, ldmadmin start ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lójoojúmọ́, cron, ètò tó ń pe iṣẹ́ ní àkókò rẹ̀, á pe scour kó wá pa fáìlì tó bá ti ju iye ọjọ́ tí wọ́n kọ fún un lọ rẹ́. Ọjọ́ ni scour ń kà. Ìjì ńlá àti àárọ̀ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún sì ni WMO, àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, fi ń mọ bí ojú ọjọ́ ibì kan ṣe máa ń rí. Ìròyìn tí wọ́n bá fẹ́ kó dé inú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kúrò lọ sórí dísìkì mìíràn kí ọjọ́ scour tó pé, ènìyàn ló sì máa yan èyí tó máa lọ.